Ọjọ́ Tí Mo Purọ́ Mọ́ Kẹ̀kẹ́ Oníbátìrì

Ohùn tó dún lọ́jọ́ náà kò pọ̀. Kò ju kí èèyàn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ: pàá! Èéfín tínńrín kan yọ lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, òórùn rọ́bà tó jó gba gbogbo ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ márúwá tuntun tí Múrí oníbàárà mi gbé wá pé kí n bá òun wo iná iwájú rẹ̀ sì kú pátápátá. Èmi ni mo pa á. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Múrí dé láti ibi tó ti lọ kírun ọ̀sán, tó bi mí pé, "Mà, kí ló ṣẹlẹ̀?", èmi Ìyá Bídèmí, tí gbogbo Old Garage ní Òṣogbo ń pè ní Màmá Ríwáyà, la ẹnu mi gbàgàdà, mo ní, "Mo kàn ṣí i ni o. Òun fúnra rẹ̀ ló gbiná."

Irọ́ gbáà ni. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí ju ọgbọ̀n ọdún lọ, mo sì ń fi í yangàn, kò sí ẹni tó lè ní kí n má fi í yangàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yangàn, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ibi tí ó ti ṣubú.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ríwáyà ń ṣe, àwa là ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Mẹkáníìkì ń wo ẹ́ńjìnnì, ó ń rí ohun tó ń wò. Àwa ń wo ohun tí ojú kò rí. Iná a máa gba inú wáyà lọ, a máa sá, a máa ṣe orí kunkun, ìwọ yóò sì máa tẹ̀ lé e títí wàá fi bá a níbi tó sá pamọ́ sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù ní Old Garage, àwọn awakọ̀ á dé, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á ní, "Ọ̀gá ńkọ́?" Màá ní, "Òun lẹ ń wò yẹn." Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò lè gbé ọkọ̀ òun fún obìnrin. Ọkọ̀ náà a máa kú ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ bíréèkì, ọkùnrin mẹ́rin ló sì ti yẹ̀ ẹ́ wò láìrí nǹkan kan. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó padà wá. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀, mo gbé ìjókòó rẹ̀ sókè, mo fi ìka kan ṣoṣo hàn án: bóòtù ìjókòó ló ti ń gé wáyà jẹ díẹ̀díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, "Ọ̀gá Mà" ló ń pè mí.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, ní Òkèsà, ní Iléṣà, níbi tí wọ́n ti bí mi. Jẹ́jẹ́ kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ní gbogbo ìgbà ni: "Jẹ́jẹ́. Wáyà kì í sá." Àwọn ọ̀gá míì, bí ọmọ iṣẹ́ wọn bá fẹ́ gba fíríìdọ́mù, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, ó parí. Tiwa ò parí síbẹ̀. Ọ̀gá á gbé tẹ́sítà lé ọ lọ́wọ́, ìyẹn gílóòbù kékeré kan tí a so wáyà méjì mọ́, tí a fi ń mọ̀ bóyá iná wà níbì kan. Wàá fi kan bátìrì kó lè tàn. Bó ṣe ń tàn ní ọwọ́ rẹ, lójú gbogbo èèyàn, wàá búra: "Bí mo bá ba ọkọ̀ oníbàárà jẹ́, láti ẹnu mi ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́." Èmi náà búra. Ìyá mi sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun kan wà tí Ọ̀gá kì í fẹ́ rí, tí gbogbo wa sì ń ṣe bí kò bá sí nílé. Òun ni títa iná. Dípò kí o wá tẹ́sítà, o kàn máa fi ẹnu wáyà gbá ara irin ọkọ̀. Bó bá ta pàrà, iná wà. Bí kò bá ta, kò sí. Ó yá, ó sì ń wu ojú, oníbàárà á rò pé akọni ni ọ́. Lórí ọkọ̀ elépo, kì í sábà ba nǹkan jẹ́, torí bátìrì rẹ̀ kò lágbára púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá kan ọ̀rọ̀ òṣèlú. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ kankan, torí mo ṣì ń jẹun nínú ìlú yìí. Ẹ jẹ́ ká pe tiwa ní Aláago, ká pe tiwọn ní Oníkọ́kọ́rọ́. Èmi ni ìyá ẹgbẹ́ Aláago ní wọ́ọ̀dù wa nígbà náà, mo sì gbóná bí ata. Nígbà tí epo bẹ́ǹtírò wọ́n gógó, olówó kan nínú ẹgbẹ́ Oníkọ́kọ́rọ́ kó kẹ̀kẹ́ márúwá oníbátìrì wá sí Òṣogbo. Kò lo epo, kò ní èéfín, kò pariwo. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀dà ẹgbẹ́ rẹ̀ kùn ún, ó sì lẹ àwòrán ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó ń rẹ́rìn-ín eyín síta.

Àwòrán yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Bó o bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé kẹ̀kẹ́ náà dára, kò ní í dani láàmú, o ti mọ ẹgbẹ́ tó wà. Bó bá sọ pé iná á gbé èèyàn nínú rẹ̀ bí òjò bá rọ̀, tiwa ni. Kò sí ẹni tó ṣí i wò nínú wa. Bàbá kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, Aláago paraku ni. Bàbá yìí a máa wọ kẹ̀kẹ́ oníbátìrì lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ bọ́ fìlà ẹgbẹ́ sápò. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á wo ẹ̀yìn, á tún dé e padà. Èmi fi í rẹ́rìn-ín títí, láìmọ̀ pé tèmi ń bọ̀.

Tèmi burú jù, torí pé ríwáyà ni mí. Bí àwọn yòókù bá ní iná á gbé èèyàn, àwọn èèyàn á ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní, "Ẹni tó mọ iná ló sọ bẹ́ẹ̀." Mo sì ń sọ ọ́ láràárọ̀, láìtíì fọwọ́ kan ọ̀kan rí.

Ìgbà náà ni Múrí gbé tirẹ̀ dé. Múrí tó ọmọ ogójì ọdún, ọmọ Òṣogbo ni, ó níyàwó, ó ní ìbejì. Láti ìgbà tó ti ń wa kẹ̀kẹ́ elépo ló ti jẹ́ oníbàárà mi. Ọmọ iléèwé ló ń gbé láràárọ̀ ládùúgbò Ọjà Ọba, àwọn òbí sì fọkàn tán an gan-an. Oníkọ́kọ́rọ́ ni, kò fi pa mọ́ fún mi rí.

Ó ní, "Mà, àwọn ará wa ní kí n má gbé e wá sọ́dọ̀ yín o. Wọ́n ní Aláago ni yín."

Mo ní, "Kí lo wá sọ fún wọn?"

Ó ní, "Mo ní ọwọ́ yín ni mo mọ̀, èmi ò mọ ẹgbẹ́ yín." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó sì sọdá títì lọ kírun.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi o. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ohun tí mò ń wá ni àléébù. Inú mi ń dùn pé lónìí, n ó ṣí nǹkan wọn, n ó rí ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀, n ó sì lọ sọ ọ́ ní ìpàdé. Ìkánjú yẹn ni kò jẹ́ kí n na ọwọ́ sí tẹ́sítà tó so rọ̀ lórí mi. Mo fa wáyà kan tó nípọn yọ, mo fi gbá irin. Bátìrì kẹ̀kẹ́ yìí lágbára ju ti ọkọ̀ elépo lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Iná náà gba kọntiróla lọ, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tó ń pín agbára fún mọ́tò tó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì jó o gbẹ. Pàá!

Mo ní àyè láti sọ òótọ́. Múrí ń bọ̀, mo ń wò ó bó ṣe ń sọdá títì. Ṣùgbọ́n àwọn mẹkáníìkì ti pé lé mi lórí, ọ̀kan nínú wọn sì ti pariwo pé, "Àbí mo sọ fún yín? Kẹ̀kẹ́ Oníkọ́kọ́rọ́ ti gbiná o!" Bí irọ́ náà ṣe bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn.

Múrí ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Ní Sátidé, ní ìpàdé wọ́ọ̀dù, Alága wa ní kí n dìde. "Ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó mọ̀ ọ́n!" Mo dìde, mo sì fi iyọ̀ sí i. Mo ní èéfín náà ga tó òpó iná. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò sí òbí tó jẹ́ kí ọmọ òun wọ kẹ̀kẹ́ oníbátìrì mọ́. Àwọn awakọ̀ tó kù gan-an jókòó lásán ní páàkì.

Ó tó bí oṣù kan lẹ́yìn náà, mo lọ sí Ọjà Ọba. Mo ra ìrẹsì àpò kan, mo sì pe alábàárù. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pé kí n gbé e lé òun lórí, Múrí ni. Òógùn ti bo gbogbo ojú rẹ̀. Ó dá mi mọ̀ kí n tó dá a mọ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ sí àárín ọjà.

"Ẹ kú ọjà, Mà. Ẹ ṣeun lọ́jọ́sí o. Mo máa ń sọ fún ìyá àwọn ìbejì pé ọpẹ́lọpẹ́ yín. Bí kì í bá ṣe pé ọ̀dọ̀ yín ló ti gbiná, bóyá ọmọ ọlọ́mọ ni ì bá jó mọ́ mi lọ́wọ́. Ọlọ́run á san án fún yín."

Yéè! Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Ó ru ìrẹsì náà dé ibi ọkọ̀, ó sì kọ̀, kò gba owó lọ́wọ́ mi.

Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Bílẹ̀ ṣe mọ́, mo wọkọ̀ lọ bá Ọ̀gá Jẹ́jẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí oko kòkó bàbá rẹ̀ lẹ́yìn Òṣú. Mo bá a níbi tó ti ń fi ọwọ́ yí kòkó tó sá sórí ẹní. Ó kí mi, "Ọmọ Owá, ọmọ Ẹkùn!" Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé la jọ ń sọ, mo kàn ń fi èdè tí gbogbo yín gbọ́ kọ ọ́ ni. Mo ròyìn kẹ̀kẹ́ náà fún un. Ẹ wo ìtìjú mi: irọ́ yẹn náà ni mo tún kọ́kọ́ pa fún un.

Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Kí ni tẹ́sítà sọ?"

Mo ní, "Tẹ́sítà, Ọ̀gá?"

"Èyí tí mo fún ọ. Kí ló sọ fún ọ?"

Ó ń yí kòkó rẹ̀ lọ. Ó ní, "O ta iná."

"Mo ta iná, Ọ̀gá." Ẹkún sì gbọ̀n mí.

Kò bá mi wí. Ó ní, "Ta ló ti gbọ́ báyìí?"

"Ẹ̀yin nìkan, Ọ̀gá."

"O ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nìyẹn. Èmi kọ́ ni mo ni kẹ̀kẹ́."

Mo gbìyànjú láti gbèjà ara mi. Mo ní ẹgbẹ́ wa ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́, pé bí mo bá yí i padà, àwọn ọ̀tá á fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Ó wò mí. Ó ní, "Aláago ni èmi náà, kí o tó mọ orúkọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n iná ti wà láyé kí Aláago tó dé. Dìde, máa lọ. Kí o sì má fi àbọ̀ sọ."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo dé ilé Múrí. Kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n ti ń sá aṣọ lé e. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Sìdí, jókòó níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, mo kọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, látorí títa iná títí dé orí àtẹ́wọ́ ìpàdé. Mo ní n ó tún un ṣe, èmi ni n ó ra gbogbo ohun tó bá jó.

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Èébú ì bá tù mí lára. Múrí kàn ní, "Ẹ sì jẹ́ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín láàárín ọjà, Mà." Ó dìde, ó wọlé lọ. Sìdí rọra ní, "Mà, ẹ máa lọ ilé."

Ní Sátidé, mo lọ sí ìpàdé. Mo ní mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì. Alága ti fura, ó ní àyè ò sí. Bàbá tó bí mi lọ́mọ, òṣómàáló ni láyé ọjọ́un. Aṣọ àwìn ni wọ́n ń tà káàkiri. Bí oníbàárà bá ń yẹ̀ wọ́n, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò ní dìde títí wọ́n á fi gba ohun tí wọ́n bá wá. Èmi náà káṣọ sẹ́sẹ̀, mo lóṣòó sí àárín ìpàdé, níwájú tábìlì Alága gan-an.

Ó ní, "Ìyá Bídèmí, kí lẹ ń ṣe yìí?"

Mo ní, "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Òṣó ni màá ló títí ẹ ó fi gbọ́ mi."

Ẹ̀rín pa àwọn kan. Wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìpàdé, mo wà ní òṣó. Wọ́n jíròrò aṣọ ẹgbẹ́, mo wà ní òṣó. Orúnkún mi ń dún. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó lè wo ibòmíràn mọ́. Alága kanra, ó ní, "Ẹ sọ ọ́, ẹ sọ ọ́!" Mo dìde, mo di tábìlì mú, mo ní, "Irọ́ ni mo pa fún yín. Kẹ̀kẹ́ kò gbiná. Èmi ni mo ta iná sí i. Àbùkù ọwọ́ mi ni, kì í ṣe àbùkù ọkọ̀."

Ariwo sọ. Wọ́n ní àwọn Oníkọ́kọ́rọ́ ti rà mí. Wọ́n gba ipò ìyá ẹgbẹ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn Oníkọ́kọ́rọ́ gbé aṣọ ẹgbẹ́ tiwọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní kí n wá máa bá àwọn polongo. Mo ní kí wọ́n gbé aṣọ wọn lọ. Aláago ni mí títí dòní, bí wọ́n fẹ́, bí wọ́n kọ̀.

Mo ra kọntiróla láti Èkó. Ẹni tó tà á fún mi ló ń fi fóònù ṣàlàyé fún mi, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé bí ọmọ iléèwé. Èmi tí mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níṣẹ́, mo tún di ọmọ iṣẹ́. Ọjọ́ tí mo dè é, Múrí kò kúrò lórí mi. Ó ká ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń wo ìka mi. Mi ò bá a jà. Mo lo tẹ́sítà níbi tó yẹ, mo lo mítà, ẹ̀rọ tó ń ka agbára iná, níbi tí iná ti pọ̀ ju agbára tẹ́sítà lọ, mo sì rí ìdí tí iná iwájú kò fi tàn láti ìbẹ̀rẹ̀: wáyà kékeré kan ló tú lẹ́nu ibi tó wà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún!

Kẹ̀kẹ́ jí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Mo dúró de òjò. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀, tí omi gọ́tà kún bo títì, mo wé gèlè Aláago mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ Múrí ní Old Garage, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì síta sínú omi, ó sì gbé mi lọ títí dé Ọjà Ọba. Mo ń pariwo sí àwọn tó yà sábẹ́ òrùlé, "Ẹ wò mí dáadáa o! Bí iná bá gbé mi, ẹ bá mi sọ fún Alága!" Obìnrin kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọmọ iléèwé méjì wọkọ̀ Múrí. Kí oṣù tó parí, ó ti kún.

Kò pẹ́, olówó kan nínú ẹgbẹ́ tiwa náà kó kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tirẹ̀ dé, ọ̀dà Aláago lára wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ náà ni iná kò ti gbé èèyàn mọ́! Alága fúnra rẹ̀ ní ọkọ̀ ọ̀làjú ni. Nígbà tí ọ̀kan nínú rẹ̀ dákẹ́, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n tì í wá? Gbogbo wọn ni mò ń tún ṣe báyìí, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Àwọn ríwáyà láti Iléṣà tiẹ̀ ń wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì ń gbé lé wọn lọ́wọ́ ni tẹ́sítà.

Ṣùgbọ́n Múrí kò tíì rẹ́rìn-ín sí mi. Á kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á kọjá. Bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ àtúnṣe, á gbé e wá, torí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n, á sì dúró lórí mi, ọwọ́ lẹ́yìn, títí n ó fi parí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Mo gbà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó dé ní ọ̀sán, ó ní fèrè rẹ̀ kò dún. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń retí kí òjìji rẹ̀ bọ́ sórí mi bó ṣe máa ń ṣe. Kò bọ́ síbẹ̀. Mo gbójú sókè. Ó ti na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Ó ní, "Mà, ẹ máa bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí n lọ kírun."

Ó sọdá títì, kò sì bojú wẹ̀yìn. Mo na ọwọ́ sókè, mo mú tẹ́sítà mi.